Bọ́tìnì Kan Tó Kù

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí, mo ti pe gbogbo orílẹ̀-èdè ilẹ̀ Áfíríkà lẹ́ẹ̀mejì kí n tó bọ́jú. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, ẹyọ kan kù. N kò mọ èwo ni. Ìyá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá wa ní Ṣógúnlé, agolo bisikíìtì tó ń kó bọ́tìnì sí wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, bọ́tìnì funfun kan ṣoṣo sì wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tí kò tíì rí ìdí tí yóò fi jù ú sínú agolo.

"Ó ku ọ̀kan," ló wí.

"Mo mọ̀ pé ó ku ọ̀kan, Màámi. Ṣé ojoojúmọ́ lẹ máa máa sọ ọ́ ni?"

Ohùn tí mo fi dá a lóhùn kò dára, èmi gan-an mọ̀. Láti kékeré ni inú ti máa ń tètè bí mi. Bàbá mi máa ń sọ pé bí wọ́n bá bu omi tútù lé mi lórí, yóò hó. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ yẹn kì í ṣe ìbínú nìkan. Ẹ̀rù ló ń bà mí.

Ilé kan tí wọ́n ti ń ya lẹ́tà sọ́tọ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, lẹ́yìn Apákun, lójú ọ̀nà pápá ọkọ̀ òfurufú. Owó epo ti dé. Ẹni tí kò ní ọmọ lókè òkun ní àbúrò níbẹ̀, ẹni tí kò ní àbúrò níbẹ̀ ń kọ̀wé wá ibi tí yóò rán ọ̀kan lọ, lẹ́tà sì ń wọlé tọ̀ wá lápò lápò. Wọ́n gba àwa mélòó kan síṣẹ́ onígbà díẹ̀ kí ọwọ́ lè ká a. Iṣẹ́ wa ni kí a mú lẹ́tà, kí a wo orílẹ̀-èdè tó ń lọ, kí a sì jù ú sínú ihò tirẹ̀ lára àpótí gìrìwò kan tó gba gbogbo ògiri. Ihò kan, orílẹ̀-èdè kan, páálí pélébé níwájú rẹ̀ tí wọ́n kọ orúkọ sí. Kò pẹ́ tí ọwọ́ mi fi mọ ojú àpótí yẹn ju bó ṣe mọ inú báàgì mi lọ. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà, n kò lè purọ́. Mo fẹ́ràn kí n di lẹ́tà kan mú kí n sì mọ̀ pé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹnì kan tí n kò ní fojú kàn láé yóò ya á ní Nàìróbì.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó fi ìwé gba ènìyàn gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ gidi, ìdánwò kan wà. Ọ̀gá wa ló ń ṣe é fúnra rẹ̀, bàbá kan tó máa ń gun kẹ̀kẹ́ láti Ìsọlọ wá síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ tí eruku kì í sì í kan ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, mi ò mọ bó ṣe ń ṣe é. Wàá kọ ẹ̀yìn sí àpótí, wàá dúró níwájú tábìlì rẹ̀, wàá sì pe gbogbo orílẹ̀-èdè Áfíríkà látorí, àfi tiwa, láìwo ìwé, láìfo ẹyọ kan. Ti Yúróòpù kò sí níbẹ̀. Ọ̀gá ní ìtìjú ni kí ènìyàn mọ ojúlé àwọn tó jìnnà kó má sì mọ ojúlé aládùúgbò rẹ̀. Iye tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ wà lára pátákó kan lẹ́yìn tábìlì, kedere báyìí. Bí o bá fo ẹyọ kan, yóò dé ìdérí kálàmù rẹ̀, yóò ní "Ó ku ọ̀kan," kò sì ní sọ èyí tó kù fún ọ. Ó ní ohun tí ènìyàn bá fi orí ara rẹ̀ wá rí, kì í gbàgbé. Ó ti kìlọ̀ fún àwọn tó ti yege pé ẹni tó bá tú u fún wa, òun náà yóò tún ìdánwò ṣe, nítorí náà bí mo bá bi wọ́n, ńṣe ni wọ́n máa ń wo òkè àjà.

Ẹ̀ẹ̀mẹta péré lo lè ṣe é. Mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà àkọ́kọ́, mẹ́rin ni mo fò, mo sì gbà pé ẹ̀bi mi ni. Mo lọ ka ihò àpótí náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo há a sórí. Nígbà kejì, mo pe gbogbo ihò tó wà níbẹ̀ pátá, ọ̀gá tún dé ìdérí kálàmù rẹ̀. Ó ku ọ̀kan. Báwo? Mo ti ka ihò Áfíríkà lára àpótí títí ojú mi fi ń ṣe bàìbàì, iye wọn dín ẹyọ kan sí iye ara pátákó. Ara mi gbóná. Mo sọ fún ọ̀gá, níwájú gbogbo ènìyàn, pé bóyá òun ni kò mọ̀ ọ́n kà.

Àǹtí kan tó ń di ẹnu àpò, ọmọ Ọ̀yọ́, tó máa ń bá mi ṣàwàdà, fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀gá wò mí láti òkè gíláàsì rẹ̀. Kò bínú, ìyẹn ló sì burú jù.

"Fúráìdé tó ń bọ̀," ló wí. "Lásítì nìyẹn. Tó o bá tún fo ẹyọ kan, kó o máa lọ sílé."

Ilé tó ń wí yẹn, kì í ṣe Ṣógúnlé ló wá sí mi lọ́kàn. Bàbá mi, tíṣà ọmọ Èkìtì, ti padà sí ìlú rẹ̀ ní ọdún tó ṣáájú, wọ́n ti fi í ṣe ọ̀gá ilé-ìwé, ó sì fi èmi àti ìyá mi sílẹ̀ ní Èkó nítorí iṣẹ́ mi. Lẹ́tà rẹ̀ tó dé gbẹ̀yìn kò gùn. Ó ní bí wọn kò bá tíì fi ìwé gbà mí títí oṣù yóò fi parí, kí àwa méjèèjì palẹ̀ mọ́ kí a máa bọ̀ wálé; òun ti rí àyè fún mi láti máa kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé-ìwé òun. Kí n kí i "Ẹ káàárọ̀, sà" nídìí tábìlì tí a ti ń mu ẹ̀kọ láàárọ̀, kí n tún dé ilé-ìwé kí n tún un kí. Ẹlòmíràn lè pe ìyẹn ní oríire. Lójú tèmi, ẹ̀wọ̀n ni.

Ti ìyá mi tilẹ̀ burú ju tèmi lọ. Ọmọ Kétu ni, kì í ṣe Kétu ti Èkó yìí o, Kétu Alákétu gan-an. Ìmẹ̀kọ ni bàbá mi ti ń ṣe tíṣà nígbà tó rí i. Ìyá mi wá síbẹ̀ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀. Ó lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti fẹ́ra, àwọn ìyàwó ilé bàbá mi ní Èkìtì kò tíì pè é ní nǹkan mìíràn ju àjòjì lọ. Bí a bá lọ ṣe Kérésì, wọn á ní, "Ẹ gbé àga fún àjòjì." Wọn á rẹ́rìn-ín. Òun náà á rẹ́rìn-ín, á sì jókòó. Ṣùgbọ́n bí a bá wọkọ̀ padà, láti Èkìtì títí dé Òṣòdì, kò ní la ẹnu rẹ̀. Bàbá mi á ní ó rẹ̀ ẹ́ ni. Mo mọ̀ pé kì í ṣe àárẹ̀.

Ní Ṣógúnlé, kò sẹ́ni tó ń bi í níbi tó ti wá, nítorí kò sẹ́ni tí kò ti ibì kan wá. Ìyá Aránṣọ ni wọ́n ń pè é. Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìró rẹ̀ ni mo sì máa ń kọ́kọ́ gbọ́ tí mo bá ti yà sí àdúgbò wa. Bí mo bá fìdí rẹmi, àwa méjèèjì la fìdí rẹmi, kì í ṣe èmi nìkan.

Òun ló dábàá bọ́tìnì. Ìyá mi kò lọ sí ilé-ìwé rárá, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí kò lè fi ọwọ́ kà. Ó ní kí n sọ iye tó wà lára pátákó fún òun, ó ka bọ́tìnì tó tó bẹ́ẹ̀ sórí itan rẹ̀, àwọn tó jábọ́ lára aṣọ oníbàárà, pupa, dúdú, àwọ̀ ọ̀run, oníhò méjì, oníhò mẹ́rin. Orílẹ̀-èdè kan, bọ́tìnì kan. Bí mo bá ti pe ọ̀kan, á jù ú sínú agolo, á dún. Lárààárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́ la máa ń ṣe é, lárààárọ̀ sì ni bọ́tìnì funfun yẹn máa ń kù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kórìíra rẹ̀ bí ẹni pé ó mọ ohun tó ń ṣe.

Ẹ má rò pé mo kàn fọwọ́ lẹ́rán. Mo tú ìwé àwòrán ayé tí bàbá mi lò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tíṣà jáde, ṣùgbọ́n ìwé ayé àtijọ́ ni, ìgbà tí àwọn òyìnbó Faransé ṣì ń jọba lé apá púpọ̀ ní Áfíríkà. Àwọ̀ ewé kan ṣoṣo ni wọ́n kùn gbogbo ilẹ̀ wọn, wọ́n kọ orúkọ ara wọn gàdàgbà sórí rẹ̀, ó parí. Mo lọ kan ilẹ̀kùn tíṣà ará Oǹdó tó ń gbé yàrá kejì sí wa. Inú rẹ̀ dùn pé wọ́n bi òun ní ìbéèrè. Ó káwọ́ sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ pátápátá, ìyá mi ń ju bọ́tìnì. Nígbà tó máa parí, mẹ́ta ló kù lórí itan. Ó ní ìwé òun wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ilé-ìwé, ọlidé ni, wọ́n ti tì í pa, òun á bá mi wò ó tí wọ́n bá wọlé. Nígbà tí wọ́n á fi wọlé, èmi á ti máa kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní Èkìtì.

Mo bi èrò. Mo bi ọkùnrin kan tó ń ta redíò ní Òṣòdì, lẹ́bàá ojú irin, nítorí mo rò pé ẹni tó ń ta redíò á máa gbọ́ ìròyìn. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé àwọn tí mo ti mọ̀ náà ni gbogbo ènìyàn mọ̀. Gánà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ pè, wọn á fò sí Kẹ́ńyà, wọn á ní "Etiópíà ńkọ́?" bí ẹni tó rí wúrà he. Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, mo bẹ ìyá mi pàápàá.

"Màámi, ẹ bá mi ronú sí i."

"Ibo ni mo ti fẹ́ mọ̀ ọ́n?" ló wí, ó sì tẹ orí ba ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ń rán etí aṣọ kan tó ti rán tán tẹ́lẹ̀. Mo rí i, n kò kà á sí.

Nígbà tí mo jáde nílé láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì yẹn, n kò jẹun. Ìyá mi sìn mí dé ẹnu ọ̀nà ilé pẹ̀lú bọ́tìnì lọ́wọ́ rẹ̀, ó fẹ́ sọ nǹkan, ó tún pa ẹnu mọ́. Ó wá ní, "Olúwa á bá ọ pè é." Mo ń pè é lọ lójú ọ̀nà, ètè mi ń mì, obìnrin kan tó ń pàtẹ ìsáná àti ọṣẹ ní Apákun sì wò mí tìyanu tìyanu. Mo tún un pè, ó tún ku ọ̀kan. Ọkọ̀ òfurufú kan fò kọjá lórí wa, mo wò ó pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ ló ń lọ, ibi tí n kò mọ̀ yẹn.

Ní aago mẹ́wàá, ọ̀gá pè mí.

Wọ́n dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n dá a dúró, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ọ̀gá lọ́jọ́sí ti tàn kálẹ̀, wọ́n sì fẹ́ rí ibi tí yóò já sí. Àǹtí ọmọ Ọ̀yọ́ jókòó lórí àpò lẹ́tà kan lẹ́bàá ilẹ̀kùn, níbi tó máa ń jókòó sí tó bá ń jẹ búrẹ́dì rẹ̀. Mo kọ ẹ̀yìn sí àpótí. Mo ń gbọ́ bí fáànù òkè ṣe ń lọ. Ọ̀gá ṣí ìdérí kálàmù rẹ̀.

"Ó yá," ló wí.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Íjíbítì, Líbíà, Tùnísíà, Àlùjéríà, Mòrókò. Ọ̀gá ń fi àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan láìgbé ojú sókè. Mo sọ̀ kalẹ̀ gba ìlà oòrùn, Súdáànù, Etiópíà, Sòmálíà, Kẹ́ńyà, Ùgáńdà, Rùwáńdà, Bùrúńdì, Tànsáníà. Bí mo bá ti pe ọ̀kan, mo ń gbọ́ ìró bọ́tìnì nínú agolo, etí mi ló ń ṣe mí bẹ́ẹ̀. Mo gba ìsàlẹ̀ lọ, mo pe èyí tó wà lómìnira àti èyí tó ṣì ń jà fún un, mo gba àárín bọ̀, mo kọjá Kamẹrúùnù, mo dé ìwọ̀ oòrùn. Sẹ̀nẹ̀gà. Gáḿbíà. Sàró. Làìbéríà. Gánà. Tógò. Níjẹ̀. Máli, àti àwọn yòókù tó yí i ká.

Ó tán. Kò sí nǹkan kan lórí mi mọ́.

Ọ̀gá kò tíì dé kálàmù rẹ̀. Ó gbé e lọ́wọ́, ó ń dúró. Mo mọ̀ pé ó ń ṣe mí lóore ni, ó sì ká mi lára pé òun tí mo bú ló ń dúró dè mí. Mo rí bàbá mi nídìí tábìlì ẹ̀kọ. Mo rí ìyá mi lórí àga tí wọ́n gbé fún àjòjì, tí kì í ṣe fún Kérésì nìkan mọ́, tí yóò jókòó síbẹ̀ títí ayé rẹ̀. Mo ní sínú ara mi pé n kò lọ. N kò ní lọ sí Èkìtì, n kò sì ní lè dúró ní Èkó kí àwọn tó wà lẹ́yìn mi yìí máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Màá sá lọ. Ibo ni màá sá lọ? Ọ̀dọ̀ ìyá ìyá mi ní Kétu ni.

Bí ọkàn mi ṣe gba ọ̀nà nìyẹn. Mo wọ mọ́tò ní Òṣòdì, mo dé Abẹ́òkúta, mo gba Àyétòrò dé Ìmẹ̀kọ, mo dé Ìlàrá, bí a ṣe máa ń gbà á láti ìgbà tí ìyá mi ti ń pọ̀n mí. Lẹ́yìn Ìlàrá, okùn kan wà tí wọ́n fà dí ọ̀nà. Ọkùnrin kan máa ń jókòó níbẹ̀ lábẹ́ igi, fìlà rẹ̀ kò jọ ti ọlọ́pàá wa, á sì máa sọ èdè kan tí kò yé wa. Ó béèrè ìwé lọ́wọ́ ìyá mi lọ́jọ́ kan tí mo wà lọ́mọ bí ọdún mẹ́jọ. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Ó ní, "Ta ló ń béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹni tó ń lọ sílé bàbá rẹ̀?" Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú, ó sọ okùn sílẹ̀, a sì kọjá.

Ojú mi lọ sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn.

Mo rí i lẹ́ẹ̀kan náà. Mo rí ìdí tí kò fi sí lára àpótí: ọkọ̀ òfurufú kì í gbé lẹ́tà ibẹ̀, orí ilẹ̀ ló ń gbà lọ, mọ́tò kan ló máa ń wá gbé e ní ọjọ́ Ẹtì. Inú àpò tí Àǹtí jókòó lé lórí, tó ń jẹ búrẹ́dì lé lórí lójoojúmọ́, ibẹ̀ ló wà. Gbogbo wa ló máa ń ju lẹ́tà Kutọnu àti ti Àjàṣẹ́ sínú àpò yẹn láì tilẹ̀ ronú. Ta ló ń ka Kutọnu sí òkè òkun? Ẹni tó fẹ́ ra aṣọ ló ń lọ síbẹ̀. Ẹni tí ìyá rẹ̀ kú ló ń lọ síbẹ̀.

Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn, n kò sì lè pè é. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Iṣẹ́ mi wà nínú rẹ̀, àga Èkìtì wà nínú rẹ̀, n kò sì lè la ẹnu. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ní kí n wá jẹ́rìí lòdì sí ẹnì kan tí kò sí nílé.

Ọ̀gá mú ìdérí kálàmù rẹ̀ lórí tábìlì.

"Dàhòmì," ni mo wí.

Ó wò mí. Ó fi àmì kan sí i, ó ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì fi kálàmù lélẹ̀. "Ó pé," ló wí.

Àwọn ènìyàn pariwo. Àǹtí dìde lórí àpò rẹ̀, ó gbá mi mọ́ra, ó ní, "Àbúrò, gbogbo ìgbà yìí ni mo ti jókòó lé e, mo kàn ń bẹ Ọlọ́run pé kó o wo ìdí mi." Mo rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn, kí n má purọ́. Mo bẹ ọ̀gá nítorí ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́sí. Ó ní kò sí nǹkan kan, ẹni tí kò bá lè bínú kò lè ronú. Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù kan, ó ní kí n kún un níbẹ̀ kí òun lè fi ránṣẹ́ kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Orúkọ. Ọjọ́ ìbí. Ilé-ìwé. Ìlú tí wọ́n ti bí bàbá, orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ìlú tí wọ́n ti bí ìyá, orílẹ̀-èdè rẹ̀.

Kálàmù mi dúró níbẹ̀. Kò tíì tó wákàtí kan tí mo dúró níwájú tábìlì yìí tí mo fẹnu ara mi ka ilé ìyá mi mọ́ Dàhòmì, mọ́ ilẹ̀ onílẹ̀. Bí mo bá kọ òtítọ́, ta ló mọ ohun tí ẹni tí wọ́n ń fi ìwé yìí ránṣẹ́ sí yóò sọ? Mo kọ Ìmẹ̀kọ. Mo kọ Nàìjíríà sí iwájú rẹ̀.

Nígbà tí mo yà sí àdúgbò wa nírọ̀lẹ́, n kò gbọ́ ìró ẹ̀rọ. Ìyá mi jókòó sí ibi tó jókòó sí láàárọ̀, aṣọ oníbàárà ká gúlútú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Agolo wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Bọ́tìnì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé ó pé?"

"Ó pé, Màámi. Wọ́n ti gbà mí."

Ó di ojú, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, ó fọwọ́ nu ojú. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè, bí mo ṣe mọ̀ pé yóò béèrè.

"Èwo ni?"

Mo ti wá ìdáhùn kalẹ̀ láti Apákun. "Bùrúńdì ni."

Ìyá mi wò mí. "Bùrúńdì," ló wí. "Bùrúńdì máa ń tẹ̀ lé Rùwáńdà. Méjèèjì lo máa ń pè pọ̀ bí ìbejì, pupa oníhò méjì ni mo máa ń jù sí i. Tànsáníà ló kàn. Lẹ́yìn Tànsáníà, o máa ń mí, o ó wá ní Sáḿbíà." Ó ń bá a lọ báyìí, obìnrin tí kò mọ a yàtọ̀ sí b, ó pè wọ́n títẹ̀lé títẹ̀lé bí mo ṣe máa ń pè wọ́n, títí ó fi dé Gánà, tó dé Tógò. Ó dúró níbẹ̀.

Ojú tì mí débi pé n kò lè wò ó. "Ẹ ti mọ̀," ni mo wí.

"Láti àárọ̀ kejì."

Ìbínú mi dé, kò tilẹ̀ kan ilẹ̀kùn. "Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ sì ń wò mí? Ẹ̀yin náà mọ ohun tó wà nílẹ̀. Tí wọ́n bá lé mi lónìí ńkọ́? Tí a bá ń di ẹrù Èkìtì báyìí ńkọ́?"

Kò gbé ohùn sókè. "Tí mo bá fi ẹnu ara mi pè é mọ́ wọn, àwọn ará ilé bàbá ẹ jàre nìyẹn. Ogún ọdún tí wọ́n ti ń pè mí bẹ́ẹ̀, mo máa ń sọ nínú ara mi pé wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ ni. Áfíríkà tóbi. Mo ní bóyá wàá rí òmíràn fi dí i." Ó ń yí bọ́tìnì náà láàárín ìka rẹ̀. "Tó o bá ti dé Tógò láàárọ̀, àyà mi á já. Tó o bá fò ó, inú mi á dùn. Tí inú mi bá dùn tán, mo tún máa ń sunkún nítorí tìẹ."

Ìbínú mi ti lọ, kò fi nǹkan kan sílẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì sọ ìyókù, nítorí mo rò pé yóò tù ú nínú.

"Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù. Wọ́n béèrè ibi tí wọ́n ti bí yín."

"Kí lo kọ?"

"Ìmẹ̀kọ."

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀, ó wo ojú ọ̀nà níbi tí àwọn ènìyàn ti ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. "Ìmẹ̀kọ ò burú," ló wí. "Àbúrò bàbá mi ló kọ́ mi níṣẹ́ níbẹ̀."

Ó la ọwọ́ rẹ̀ sórí agolo. Bọ́tìnì funfun náà bọ́ sínú rẹ̀, ó dún bí àwọn yòókù. Ó dé agolo, ó tì í sábẹ́ àga, ó fa aṣọ oníbàárà mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán an. Mo bá a sọ̀rọ̀ nípa Àǹtí àti àpò tó jókòó lé, mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Kò dáhùn. Kò la ẹnu rẹ̀ mọ́ títí a fi lọ sùn, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe àárẹ̀. Irú ìdákẹ́jẹ́ tó máa ń dákẹ́ láti Èkìtì títí dé Òṣòdì ni.